Ìjókòó Marcella ní Ìlà Kejìlélógún

Orrin Vesely kì í ṣe ẹni tí wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri kankan. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kórè àgbàdo ló ń tún ṣe láti ìgbà tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀, ẹ̀wù òtútù kan náà ló sì ń wọ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ní Harlow Bend níbí, ní Nebraska, tẹrú tọmọ ló mọ̀ ọ́n, nítorí ibi tó máa ń jókòó sí lọ́jọ́ Sátidé àti ohun tó máa ń ṣe níbẹ̀.

Ìlà kejìlélógún ni, lẹ́yìn àga àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì wa gan-an. Ìjókòó méjì ló ní níbẹ̀, tirẹ̀ àti ti Marcella ìyàwó rẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn wọn. Mo wá kàwé níbí, mo fẹ́ ọmọ ìlú yìí, mo sì gbàgbé láti padà sí Ìkìrun. Bí èèyàn bá jókòó sẹ́yìn tọkọtaya kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, á mọ ìpàkọ́ wọn ju ojú wọn lọ. Orrin ní kí n máa pe òun lórúkọ, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mísítà Orrin ni mò ń pè é títí dòní, ó sì ti gbà fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń wòran, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nínú bọ́ọ̀lù tiwa níbí, ẹnìkan ló ń jù ú, òun là ń pè ní kọ́tábáàkì. Àwọn ahánbọ́ọ̀lù á ti sáré lọ jìnnà síwájú láti lọ hán an lójú ọ̀run. Bí kọ́tábáàkì ṣe ń wá ẹni tó máa jù ú sí, àwọn ọmọkùnrin gìrìwò ń wọ̀yá ìjà níwájú rẹ̀, àwọn kan fẹ́ dà á wó, àwọn kan ò gbà. Ojú ẹnìkan ò lè wà níbi méjèèjì. Ni Orrin àti Marcella bá pín in. Orrin á gbé awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni sójú, kọ́tábáàkì nìkan ló sì máa ń wò: ẹsẹ̀ rẹ̀, èjìká rẹ̀, bó ṣe ń mí. Marcella ò lo awò. Àwọn ahánbọ́ọ̀lù ni tirẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ ọmọ yẹn, Orrin ò ní gbé awò kúrò lójú, á kàn béèrè pé, “Ta ló wà níbẹ̀?” Marcella á sì dá a lóhùn pé nọ́ńbà báyìí ni, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, tàbí pé kò sẹ́nì kankan, olúwarẹ̀ ti ṣubú.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó fojú ara rẹ̀ rí bọ́ọ̀lù kan láti ọwọ́ ẹni tó jù ú dé ọwọ́ ẹni tó hán an. Mo bi Marcella léèrè nígbà kan bóyá kò sú u. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wá ni ìwúlò ọkọ, bí èèyàn bá máa fojú ara ẹ̀ rí gbogbo nǹkan.

Marcella kú ní oṣù Kẹta ọdún yìí, kí àgbàdo tó wọlẹ̀. Ọkàn rẹ̀ dúró níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun kolache, àkàrà eléso tó máa ń dín ti ọkọ rẹ̀ kù nílé kí ó lè kárí gbogbo ìlà wa lọ́jọ́ Sátidé. Orrin ò sunkún níbi ìsìnkú. Ó bọ gbogbo wa lọ́wọ́, ó dúpẹ́, ó sì padà sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rù bà mí fún un ju ká ní ó sunkún lọ.

Nígbà tí àsìkò bọ́ọ̀lù dé, kóòṣì fa ọmọ tuntun kan kalẹ̀ ní kọ́tábáàkì. Tavian Rusk lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, kì í ṣe ọmọ ìlú yìí. Bọ́ọ̀lù tó ń jù máa ń ró nínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ lásán ló máa ń bọ́ sí. Ìdíje kìíní, wọ́n nà wá. Èkejì, wọ́n nà wá. A rí ọ̀kan jẹ níbi ìkẹta, ẹ̀kẹrin wá bọ́ wa láṣọ.

Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù Dwight Hruska la ti máa ń pàdé, níbi tí gbogbo ìlú ń gbọ́kọ̀ sí. Dwight ti fẹ̀yìn tì nídìí irúgbìn tó ń tà fáwọn àgbẹ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò tíì fẹ̀yìn tì. Òun ló ń se ẹ̀wà aláta, tí a máa ń fi búrẹ́dì oníṣúgà jẹ. Ibẹ̀ náà la ti ń dájọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

“Ọmọ yìí ò ríran,” ni Dwight wí lọ́jọ́ ìdíje kẹrin, ó ń da ẹ̀wà sínú abọ́ mi. “Ibi tí ò sẹ́nì kankan ló ń ju bọ́ọ̀lù sí. Ṣé òkú ọ̀run ló ní kó wá hán an ni?”

Mo ní apá ọmọ náà le.

“Apá katakata náà le, Gbóyè. Ṣé ká wà á wọ pápá?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ahánbọ́ọ̀lù wa ló ṣeni láàánú, pàápàá Kellan Broyhill, nọ́ńbà mọ́kànlá. Ọmọ ìlú wa ni Kellan, oko bàbá rẹ̀ ò jìnnà sí tèmi, kò sì sẹ́ni tó lè bá a sáré ní gbogbo agbègbè yìí. Dwight ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ẹṣin fún ẹni tí ò mọ ẹṣin gùn. A wá ń wo ẹnu Orrin, torí òun ló mọ kọ́tábáàkì jù. Ó ní ẹsẹ̀ ọmọ náà dára, èjìká rẹ̀ dára, ìbẹ̀rù ò sí lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò mọ ohun tí ọmọ náà ń rí. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni Dwight mú. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo pápá ti ń sọ pé Orrin Vesely gan-an ní ọmọ náà ò ríran.

Ohun tó le jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ìjókòó. Ìjókòó Marcella ṣófo, kò sẹ́ni tó gbé fìlà lé e. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ Rusk, Orrin á béèrè, awò á ṣì wà lójú rẹ̀, “Ta ló wà níbẹ̀?” Kò ní í sẹ́ni tó dáhùn. Gbogbo ìlà á máa wo ẹsẹ̀ ara wọn bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. Ó ṣe é ní ìdíje kìíní, mo rò pé ó gbàgbé ni. Ó ṣe é ní gbogbo ìdíje. Mo fẹ́ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Kọ́tábáàkì lèmi náà ń wò.

Lẹ́yìn ìyà tí wọ́n fi jẹ wá ní ìdíje kẹrin, Orrin sọ fún wa pé òun máa lọ. Corinne, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń gbé ní Arizona níbi tó ti ń tọ́jú eyín fáwọn èèyàn, ó sì ti ń bẹ̀ ẹ́ látìgbà ìsìnkú pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Orrin ní ìdíje àwa àti Dunmore ni òun máa wò kẹ́yìn. Bó bá ti parí, òun á fi ìjókòó méjèèjì sílẹ̀, òun á ta ilé, òun á bá ọmọ òun lọ.

Kí ó tó gbé ẹnu kúrò, Dwight ti bẹ̀ ẹ́ kó fi ìjókòó náà sílẹ̀ fún ọkọ ọmọ òun. Òótọ́ ni pé àwọn èèyàn ń dúró títí irun fi ń funfun kí wọ́n tó rí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ inú bí mi débi pé mo gbé abọ́ ẹ̀wà rẹ̀ kalẹ̀ láìjẹ ẹ́ tán. Orrin ní ó dáa, bó bá ti di lẹ́yìn Dunmore, kó wá gbà á.

Mo mọ ohun tí Arizona túmọ̀ sí. Ọkùnrin tí kò ní ẹ̀rọ tó máa tún ṣe, tí kò ní Sátidé, tó jókòó sínú ilé ọmọ rẹ̀ níbi tí òjò ò ti ń rọ̀. Kò ní lò ju ọdún méjì lọ láyé. Mi ò sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó sì ní bó ṣe rí lójú òun náà nìyẹn.

Corinne dé ní ọ̀sẹ̀ ìdíje náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù sínú páálí. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa pẹ̀lú gbogbo wa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dárúkọ bọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ á le. Láti kékeré rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e jù sí ní gbogbo Sátidé kí bàbá àti ìyá lè ráyè wòran. Orrin bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun lọ sí èyí tó kẹ́yìn yìí. Ó lọ, ó wọ ẹ̀wù òtútù tó tóbi jù ú lọ, ó jókòó sórí ìjókòó ìyá rẹ̀, ó sì mú fóònù jáde. Ìlà wa ò mọ ibi tí a máa fojú sí.

Afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà tutù débi pé ó ń gé etí. Dunmore ti gba àmì mẹ́tàdínlógún, àwa ní mẹ́ta péré. Rusk jù ú, ó bọ́ sílẹ̀ lásán. Ó tún jù ú, ilẹ̀ lásán náà ni. Gbogbo pápá bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé e lórí, agbábọ́ọ̀lù tiwọn fúnra wọn, wọ́n ní kí kóòṣì gbé ẹlòmíràn wọlé. Mo rí i níwájú àga àwọn agbábọ́ọ̀lù pé kọ́tábáàkì kejì ti ń na apá.

Rusk tún jù ú.

“Ta ló wà níbẹ̀?” ni Orrin wí.

Corinne gbé ojú kúrò lórí fóònù. “Níbo, Dádì?”

Ojú ti bàbá rẹ̀. Ó ní kó má dá òun lóhùn, ìyá ẹ̀ lòun máa ń bi, ẹnu òun ni kò tíì mọ̀ pé kò sí mọ́. Corinne ti fóònù bọ àpò.

“Kí ni Mọ́mì máa ń wò?”

“Àwọn tó ń sáré lọ hán an.”

“Ó dáa. Ẹ tún béèrè.”

Kò pẹ́ tó fi béèrè. Corinne ti dìde, ó na ọrùn. “Nọ́ńbà mọ́kànlá ni. Kò débẹ̀. Ó dúró lójú ọ̀nà.”

“Ó dúró ṣe kí ni?”

“Ó ń bojú wẹ̀yìn, bí ẹni tí ajá ń lé.”

Dwight, tí òun náà jókòó nínú ìlà wa, ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó yá jù lórí pápá ni. Corinne ò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún jù ú, ó ní nọ́ńbà mọ́kànlá náà ni, ó tún ti fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn láti wo bọ́ọ̀lù. Orrin bi í léèrè ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí.

“Ibi tó yẹ kó wà ni, Dádì. Bí kò bá dúró, àyà ẹ̀ ni ì bá bà.”

Orrin gbé awò kúrò lójú. Mi ò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín eré rí. Ó yíjú sí wa, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà sì yé èmi náà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó ń wo àwọn ahánbọ́ọ̀lù. Gbogbo ọkùnrin ìlà wa, àti ìlà tó wà níwájú, àti èyí tó wà lẹ́yìn, ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ là ń wò. Ẹnu Marcella la ti ń gbọ́ ìyókù láti ọdúnmọ́dún, tí a sì rò pé ojú wa la fi rí i. Ó kú tán, ojú wa di ẹyọ kan, a wá ń fi ẹyọ kan náà dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́jọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa la wà níbẹ̀ tí a ń jẹ ẹ̀wà.

Kọ́tábáàkì kejì ti dé akoto rẹ̀. Ariwo ń pọ̀ sí i. Ni Orrin Vesely, tí mi ò gbọ́ kó gbóhùn sókè rí, bá dìde dúró lórí ìjókòó rẹ̀. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, mi ò mọ ibi tó ti ń kó o pamọ́ sí.

“Rusk! Ibi tó o ń jù ú sí náà ni kó o máa jù ú sí.”

Àwọn èèyàn yíjú padà. Ó tún un sọ. Mo dìde, mo bá a sọ ọ́. Gbogbo ìlà dìde. Dwight nìkan ló jókòó, ó ń jẹ ètè rẹ̀. Nígbà tí Dwight máa la ẹnu, Kellan ló kọjú sí, ọmọ tó ti ń yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

“Ọmọ Broyhill! Sáré dé òpin! Bàbá ẹ kì í dá ẹ̀rọ dúró láàárín oko kó máa wẹ̀yìn.”

Ẹ̀rín pa àwọn kan. Ṣùgbọ́n “sáré dé òpin” yẹn wọ gbogbo èèyàn létí. Ìlà kejìlélógún gbé e, ìlà ogún gbé e, kí a tó mọ̀, apá ìlà-oòrùn pápá ló ń hó o. Mo rí Kellan tó yíjú wò wá, etí rẹ̀ pọ́n. Mi ò ní purọ́ pé mo mọ ohun tó wà lọ́kàn kóòṣì. Mo kàn mọ̀ pé kọ́tábáàkì kejì bọ́ akoto rẹ̀, ó padà lọ jókòó.

Láti ìgbà náà ni eré yí padà. Amari Fenn, ahánbọ́ọ̀lù kékeré tí a kì í dárúkọ, kọ́kọ́ hán ọ̀kan, ó sì gbé e wọlé ní òpin pápá. Corinne ló ké nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rí i. A gba méje, a di mẹ́wàá. A tún fẹsẹ̀ gbá a wọlé fún mẹ́ta. Mẹ́tàdínlógún sí mẹ́tàlá. Ohùn Corinne ti há. Ó ń bi mí léèrè ohun tí èyí túmọ̀ sí àti èyí, kò sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó di àkókò tí eré kù díẹ̀ kó parí, bọ́ọ̀lù kan péré ló kù fún wa láti jù. Bí wọn ò bá gbé e wọlé, ó parí.

Rusk gba bọ́ọ̀lù, ó fà sẹ́yìn. Òmìrán kan bọ́ sí iwájú rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ lọ.

“Ta ló wà níbẹ̀?” ni Orrin wí.

Corinne ò dárúkọ nọ́ńbà kankan. Ó gbá bàbá rẹ̀ lápá mú. “Dádì, ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò lójú. Ẹ fojú ara yín wò ó.”

Ó gbé e kúrò. Bọ́ọ̀lù ṣì wà lójú ọ̀run, ó ń yí, ó sì ń lọ síbi tí kò sẹ́nì kankan, bó ti máa ń lọ látìgbà tí ọmọ náà ti dé. Ẹni tó bá ṣì di ìdájọ́ wa àtijọ́ mú lè tún sọ pé ọmọ náà ò ríran. Ṣùgbọ́n Kellan ń bọ̀. Ó da orí kọ ọ́, ó ń sáré, kò wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bọ́ọ̀lù gba orí èjìká rẹ̀ kọjá, ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì gbé e wọlé láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Mi ò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e dáadáa. Mo mọ̀ pé mo gbé ẹni tí mi ò mọ̀ rí sókè. Mo mọ̀ pé Dwight ń na ìjókòó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, tó ń sọ pé láti ọjọ́ kìíní lòun ti ń sọ pé ọmọ Rusk ríran, a kò sì rí ẹni tó ráyè já a nírọ́. Nísàlẹ̀, wọ́n gbé Rusk lé èjìká. Kellan ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọwọ́. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé ó ń dùn mí láyà.

Orrin ò fò. Ó dúró, ó ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí. “Mo rí i,” ló ń sọ fún Corinne. “Mo rí gbogbo ẹ̀.”

“Mo mọ̀, Dádì.” Ó nu imú rẹ̀ sí apá ẹ̀wù òtútù náà. “Gbogbo Sátidé wọ̀nyẹn, ẹ ò bá kúkú ti máa mú mi dání.”

“Ìjókòó méjì péré la ní.”

“Ẹ ò bá gbé mi lé itan.”

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn nígbà tí Dwight fi ayọ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì rántí ohun tí òun àti Orrin jọ sọ. Ó ní òun ò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu lọ́jọ́ ayọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ ọmọ òun wà nísàlẹ̀, ó fẹ́ wá wo ìjókòó náà.

Orrin ti ṣèlérí, kì í sì í ṣe ẹni tó ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Gbogbo ìlà wa ń wò wọ́n.

Corinne jókòó. Ó rọra jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ọwọ́ àga bí ẹni tó dé ilé.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àna yín,” ló wí, “pé ìjókòó ìyá mi lẹ́ni.”

“Ti bàbá ẹ ńkọ́? Arizona ńkọ́?”

“Bàálù ń ti Arizona wá síbí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Èmi ni mo máa máa wọ̀ ọ́, Dádì ò lọ mọ́.”

Dwight wò ó, ó wo Orrin, ó sì ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, òun á lọ sọ fún ọmọ yẹn. Orrin jókòó ti ọmọ rẹ̀ bí pápá ṣe ń tú, ó bo ojú rẹ̀, ó wá sunkún tí kò sun ní oṣù Kẹta. Corinne fọwọ́ gbá a mọ́ra. Àwa tó kù nínú ìlà dúró sí àyè wa, a ò lọ, títí ó fi sunkún tán.